Fóònù tó ń bá sátẹ́láìtì sọ̀rọ̀: ta ló máa wà lọ́wọ́ ẹ̀ nígbà tí wàhálà bá dé?

Kò sí òwò tí kò ní ewu tirẹ̀. Ẹni tó ń ta aṣọ ń bẹ̀rù iná àti olè. Ẹni tó ń wa ọkọ̀ akérò ń bẹ̀rù ìjàǹbá ojú pópó. Ẹni tó ń fi ọkọ̀ ojú omi kó èrò ń bẹ̀rù ìjì. Ṣùgbọ́n òwò kan wà tó jẹ́ pé ibi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dé gan-an ni oníbàárà ń sanwó sí pé kí wọ́n gbé òun lọ. Òwò náà ni ti àwọn tó ń gbé amòòkùn lọ sí àárín òkun. Àwọn amòòkùn yìí á pọn sílíńdà afẹ́fẹ́ sẹ́yìn, wọ́n á wọ ìsàlẹ̀ omi lọ, wọ́n á lọ wo ẹja, òkúta iyùn àti àwọn ọkọ̀ tó ti rì tipẹ́.

Láti ọdún 2022 ni fóònù tó lè bá sátẹ́láìtì sọ̀rọ̀ láìsí òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì kankan nítòsí ti wọ ọwọ́ ará ìlú. Ó rọrùn fún ẹni tó ń ṣòwò amòòkùn láti rò pé ìṣòro òun ti tán nìyẹn: kó ra fóònù kan, kó jù ú sínú ọkọ̀, kó máa bá iṣẹ́ lọ. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Fóònù náà wúlò gan-an, ó sì ti gba àwọn èèyàn sílẹ̀, àmọ́ ó níbi tí agbára rẹ̀ mọ. Oníṣòwò tí kò bá mọ ibi tó mọ lè fi owó ra ìfọ̀kànbalẹ̀ tí kò ní ìdí.

Ẹ̀kọ́ tó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sọ́dọ̀ amòòkùn nìkan. Ẹnikẹ́ni tó bá ń kó èèyàn tàbí ẹrù lọ síbi jíjìn, tàbí tó ní òṣìṣẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí ìrànlọ́wọ́ kò ti lè tètè dé, yóò rí nǹkan mú nínú rẹ̀.

Bí òwò náà ṣe rí

Òwò yìí wọ́pọ̀ ní Florida ní Amẹ́ríkà, ní Queensland ní Ọsirélíà, àti ní etí Òkun Pupa ní Íjíbítì. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń ṣe é kì í ṣe iléeṣẹ́ ńlá. Wọ́n lè ní ọkọ̀ ojú omi kan tàbí méjì, awakọ̀, olùkọ́ amòòkùn mélòó kan, ẹ̀rọ tó ń rọ afẹ́fẹ́ sínú sílíńdà, àti ṣọ́ọ̀bù kékeré tí wọ́n ti ń yá èèyàn ní irinṣẹ́. Oníbàárà á sanwó, wọ́n á gbé e lọ láàárọ̀, á wọ omi lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á sì gbé e padà kí ilẹ̀ tó ṣú.

Amòòkùn tó ń ṣe é fún fàájì kì í sábà kọjá 40 mítà nísàlẹ̀ omi. Bó ṣe ń lọ sísàlẹ̀ ni omi ń fún un mọ́ra sí i. Mítà 10 kọ̀ọ̀kan tó bá lọ dà bí ìgbà tí wọ́n bá tún di ìwúwo gbogbo afẹ́fẹ́ ojú ọ̀run lé e lórí lẹ́ẹ̀kan sí i. Nítorí èyí, náítírójìn tó wà nínú afẹ́fẹ́ tó ń mí símú á máa wọnú ẹ̀jẹ̀ àti ẹran ara rẹ̀. Bó bá rọra ń gòkè bọ̀, náítírójìn yìí á rọra jáde. Bó bá sáré gòkè, á hó nínú ara rẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn bá ṣí ìdérí ìgò mínírà lójijì. Àìsàn tó ń tibẹ̀ wá lè mú kí oríkèé máa dun èèyàn, ó lè rọ ọ́ lápá lẹ́sẹ̀, ó sì lè pa á.

Ìtọ́jú àkọ́kọ́ fún un ni ọ́síjìn. Lẹ́yìn náà, wọ́n á gbé e lọ sí yàrá onírin kan tí wọ́n ti máa ń fi afẹ́fẹ́ fún èèyàn mọ́ra padà, kí wọ́n tó wá rọra dín in kù. Kì í ṣe gbogbo ilé ìwòsàn ló ní irú yàrá bẹ́ẹ̀. Ẹgbẹ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní Divers Alert Network, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Duke University ní ìpínlẹ̀ North Carolina lọ́dún 1980. Iṣẹ́ wọn ni láti máa gba ìpè amòòkùn tí nǹkan ṣe, kí wọ́n sì sọ fún àwọn tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe. Ṣùgbọ́n kí èèyàn tó lè pè wọ́n, ó gbọ́dọ̀ ní ohun tó máa fi pè. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ fóònù ti wọlé.

Bí fóònù ṣe ń bá sátẹ́láìtì sọ̀rọ̀

Òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì orí ilẹ̀ ni fóònù gbogbo èèyàn ń bá sọ̀rọ̀. Bí ọkọ̀ bá ti jìnnà sí etíkun, òpó kò ní gbọ́ fóònù mọ́, fóònù náà kò sì ní gbọ́ òpó.

Ní ọjọ́ 15 oṣù kọkànlá ọdún 2022, iléeṣẹ́ Apple ṣí ètò kan fún àwọn tó ń lo iPhone 14 ní Amẹ́ríkà àti Kánádà. Pẹ̀lú ètò yìí, fóònù lè fi ìwé ránṣẹ́ sí sátẹ́láìtì iléeṣẹ́ Globalstar, tó ń yí ayé ká ní nǹkan bí 1,400 kìlómítà lókè. Ní oṣù kejìlá ọdún náà, ètò ọ̀hún dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Faransé, Jámánì àti Ireland. Nígbà tó di oṣù karùn-ún ọdún 2023, ó dé Ọsirélíà àti New Zealand. Google náà tẹ̀ lé wọn ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2024 pẹ̀lú Pixel 9. Ní oṣù keje ọdún 2025, iléeṣẹ́ T-Mobile ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ pẹ̀lú Starlink. Tiwọn yàtọ̀ díẹ̀, torí sátẹ́láìtì náà ń ṣe bí òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì fún ọ̀pọ̀ fóònù tó ti wà lọ́wọ́ àwọn èèyàn tẹ́lẹ̀.

Bí ti iPhone ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Ẹni tí wàhálà bá á kọ́kọ́ pe nọ́ńbà pàjáwìrì orílẹ̀-èdè tó wà. Bí kò bá sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, fóònù á bi í bóyá ó fẹ́ gba ọ̀dọ̀ sátẹ́láìtì. Á wá máa bi í ní ìbéèrè kéékèèké tí ìdáhùn wọn ti wà nílẹ̀, kó lè kàn fọwọ́ tẹ èyí tó bá ṣe é: Kí ló ṣẹlẹ̀? Ta ló fara pa? Ṣé ó ń mí dáadáa? Lẹ́yìn ìyẹn, fóònù á fi hàn án lójú ẹ̀rọ ibi tó yẹ kó kọjú rẹ̀ sí. Ìdí ni pé sátẹ́láìtì náà kì í dúró lójú kan. Eré tó ń sá lé ní 24,000 kìlómítà ní wákàtí kan. Bí ojú ọ̀run bá ṣí gbayawu, àtẹ̀jíṣẹ́ lè lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá 15. Bí ewé igi bá bo ibẹ̀, ó lè gba ju ìṣẹ́jú kan lọ, ó sì lè má lọ rárá.

Àtẹ̀jíṣẹ́ yìí á gbé ibi tí onífóònù wà lọ, pẹ̀lú ìwọ̀n bátìrì tó kù àti àkọsílẹ̀ ìlera rẹ̀ bó bá ti kọ ọ́ sínú fóònù tẹ́lẹ̀. Sátẹ́láìtì á dà á sọ́dọ̀ ibùdó kan lórí ilẹ̀, ibùdó náà á sì fi ránṣẹ́ sí àwọn òṣìṣẹ́ pàjáwìrì. Bó bá jẹ́ pé ọ́fíìsì pàjáwìrì tó wà níbẹ̀ kì í gba àtẹ̀jíṣẹ́, àwọn òṣìṣẹ́ mìíràn wà láàárín tó máa bá onítọ̀hún pè wọ́n.

Ètò yìí kò pẹ́ rárá kó tó ṣe èèyàn lóore. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kejìlá ọdún 2022, ọkùnrin kan tó ń fi ẹ̀rọ ìrìnnà orí yìnyín rìn láti Noorvik lọ sí Kotzebue ní Alaska há sójú ọ̀nà nínú òtútù, níbi tí kò ti sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ó fi iPhone rẹ̀ ké sí sátẹ́láìtì, àwọn olùrànlọ́wọ́ sì lọ bá a gẹ́lẹ́ níbi tó wà.

Ohun kan wà tó yẹ kí àwọn tó ní ará ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Houston fi sọ́kàn. Orílẹ̀-èdè tí èèyàn wà ló ń sọ bóyá ètò pàjáwìrì yìí yóò ṣiṣẹ́, kì í ṣe ibi tó ti ra fóònù nìkan. Títí ọdún 2024 fi parí, Nàìjíríà kò sí lára àwọn orílẹ̀-èdè tí Apple ṣí i fún. Ẹni tó ra iPhone 14 ní Lọ́ńdọ̀nù tó sì gbé e wá sí Èkó lásìkò yẹn kò lè gbára lé e lórí ọ̀sà. Ẹni tó bá fẹ́ gbé irú fóònù bẹ́ẹ̀ rìnrìn àjò gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yẹ àkójọ orílẹ̀-èdè iléeṣẹ́ tó ṣe é wò.

Omi òkun kì í jẹ́ kó kọjá

Fóònù àti sátẹ́láìtì ń fi ìgbì rédíò bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ìgbì yìí lè rìn la afẹ́fẹ́ kọjá fún ẹgbẹ̀rún kìlómítà, ṣùgbọ́n omi iyọ̀ máa ń gbé e mì. Iyọ̀ inú omi ló ń mú kí omi òkun lè gbé iná mànàmáná, ohun tó bá sì ń gbé iná mànàmáná máa ń pa irú ìgbì bẹ́ẹ̀. Kí ìgbì fóònù tó wọ inú omi òkun tó gígùn ìka ọwọ́ kan, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátápátá. Ìgbì tí fóònù fi ń mọ ibi tó wà náà kò lè wọlé. Nítorí náà, amòòkùn tó wà ní 5 mítà nísàlẹ̀ omi kò yàtọ̀ sí èyí tó wà ní 40 mítà. Fóònù méjèèjì ti dití, wọ́n sì ti yadi.

Àwọn ará Nàìjíríà kò ní gbàgbé ọ̀rọ̀ Harrison Okene. Ní ọjọ́ 26 oṣù karùn-ún ọdún 2013, ọkọ̀ ojú omi Jascon-4 tó ń se oúnjẹ fún àwọn èèyàn inú rẹ̀ dojú dé nítòsí Escravos, ó sì rì lọ sísàlẹ̀ ní nǹkan bí 30 mítà. Èèyàn 12 ló wà nínú rẹ̀. Okene nìkan ló yè é, torí ó rí ibì kan tí afẹ́fẹ́ há sí nínú ọkọ̀ náà. Nǹkan bí 60 wákàtí ló fi wà níbẹ̀ nínú òkùnkùn, kí àwọn amòòkùn tó wá gbé òkú tó bá a pàdé. Kò sí fóònù tó lè ràn án lọ́wọ́ níbi tó wà yẹn, bó ti wù kó gbówó lórí tó. Àwọn amòòkùn tó rí i pàápàá kò fi ìgbì rédíò bá ọ̀gá wọn lókè sọ̀rọ̀. Wáyà ni ohùn wọn gbà. Okene fúnra rẹ̀ padà lọ kọ́ iṣẹ́ amòòkùn lẹ́yìn náà.

Ohun kejì ni fóònù gan-an. iPhone 14 lè fara da omi tó jìn tó 6 mítà fún 30 ìṣẹ́jú, gẹ́gẹ́ bí ìdánwò tí iléeṣẹ́ rẹ̀ ṣe. Èyí kò tó fún amòòkùn tó ń lọ sí 20 tàbí 30 mítà. Agbára yẹn sì máa ń dín kù bí fóònù bá ti ń gbó, bẹ́ẹ̀ ni ìwé ìdánilójú rẹ̀ kì í san owó ìbàjẹ́ omi. Àwọn kan ń ta àpótí líle tí wọ́n lè ti fóònù bọ̀ kí wọ́n lè fi ya àwòrán nísàlẹ̀ omi. Irú àpótí bẹ́ẹ̀ lè dáàbò bo fóònù, ṣùgbọ́n kò lè mú kí ìgbì la omi kọjá. Amòòkùn gbọ́dọ̀ gòkè kí fóònù tó lè gbọ́ràn.

Wàhálà méjì, irinṣẹ́ méjì

Ibi tí ọ̀pọ̀ àṣìṣe ti lè wáyé nìyí. Oríṣi wàhálà méjì pàtàkì ló wà nínú òwò yìí, ohun tó sì máa gba èèyàn lọ́wọ́ ọ̀kan kò lè gba èèyàn lọ́wọ́ èkejì.

Wàhálà àkọ́kọ́ ni pé gbogbo èèyàn ti padà sínú ọkọ̀, àmọ́ ara ẹnì kan kò yá. Bóyá ó sáré gòkè, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ti ń kú tipiri. Níbí, fóònù sátẹ́láìtì wúlò gan-an. Ó wà nínú ọkọ̀, ọwọ́ ẹni tó máa lò ó gbẹ, kò sí igi tó bo ojú ọ̀run, ẹni tó mú un sì lè dúró gbọn-in. Síbẹ̀, rédíò ọkọ̀ ojú omi ló yẹ kó ṣáájú. Bí awakọ̀ bá ké gbàjarè lórí ìkànnì 16, gbogbo ọkọ̀ tó wà nítòsí ló máa gbọ́, èyí tó bá sún mọ́ jù lọ sì lè wá kíákíá. Ọ̀dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ pàjáwìrì nìkan ni àtẹ̀jíṣẹ́ sátẹ́láìtì ń lọ. Fóònù wà fún ìgbà tí rédíò kò bá dé etí ẹnikẹ́ni.

Wàhálà kejì ni pé amòòkùn gòkè, kò sì rí ọkọ̀ mọ́. Omi ti wọ́ ọ lọ. Orí rẹ̀ nìkan ló yọ, ìgbì sì ń bò ó. Fóònù sátẹ́láìtì tó jẹ́ ti iléeṣẹ́ wà nínú ọkọ̀ tó ń wá a kiri. Bó bá tiẹ̀ mú fóònù tirẹ̀ dání, ọwọ́ tútù, ojú ẹ̀rọ tó kún fún omi àti ìgbì tó ń gbé e sókè sódò kò ní jẹ́ kó rọrùn láti kọjú rẹ̀ sí sátẹ́láìtì. Ohun tí ẹni yìí nílò gbọ́dọ̀ wà lára rẹ̀, kó sì rọrùn láti fi ọwọ́ kan lò.

Àwọn ohun àkọ́kọ́ kò wọ́nwó: fèrè, dígí kékeré tó lè fi tan ìmọ́lẹ̀ oòrùn sójú awakọ̀, tọ́ọ̀ṣì, àti rọ́bà gígùn aláwọ̀ ọsàn tí wọ́n máa ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú rẹ̀ kó lè nà ró lókè omi. Orí èèyàn kò tó nǹkan lójú òkun, ṣùgbọ́n rọ́bà tó ga ju èèyàn lọ ṣe é rí láti ọ̀nà jíjìn.

Lẹ́yìn ìwọ̀nyí ni ẹ̀rọ kékeré kan tó ń ké sí sátẹ́láìtì lórí ìkànnì 406 megahertz. Inú àgolo tí omi kò lè wọ̀ ni amòòkùn ń gbé e sí. Bó bá gòkè, á yọ ọ́, á na irin rẹ̀ sókè, á tẹ̀ ẹ́. Kò sí ìbéèrè kankan láti dáhùn. Ètò tó ń gbọ́ igbe ẹ̀rọ yìí ni Cospas-Sarsat, tí Amẹ́ríkà, Kánádà, Faransé àti Soviet Union ìgbà náà fọwọ́ sowọ́ pọ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1979. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1982 ni wọ́n kọ́kọ́ fi gba èèyàn là, nígbà tí ọkọ̀ òfurufú kékeré kan já ní Kánádà. Nàìjíríà náà wà nínú ètò yìí, ibùdó rẹ̀ sì wà ní Abuja lábẹ́ àjọ NEMA. Ẹ̀rọ mìíràn tún wà tí kì í ké sí sátẹ́láìtì, àmọ́ tó ń fi ibi tí amòòkùn wà hàn lójú ẹ̀rọ àwọn ọkọ̀ tó wà nítòsí. Ìyẹn dára púpọ̀, torí ọkọ̀ tó gbé e wá gan-an ló sábà máa ń sún mọ́ ọn jù lọ.

Àwọn iléeṣẹ́ fóònù náà ti ń rí àlàfo yìí. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, Apple gbé aago ọrùn ọwọ́ kan jáde, Watch Ultra 3, tó lè bá sátẹ́láìtì sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀, tó sì lè bá amòòkùn lọ dé 40 mítà. Ó dára pé irinṣẹ́ ti kúrò nínú ọkọ̀, ó ti dé ọrùn ọwọ́. Ṣùgbọ́n òfin omi iyọ̀ kò yí padà: ìgbà tí ọwọ́ bá jáde sókè omi nìkan ló lè ké sí ẹnikẹ́ni.

Ohun tó pa òwò kan lọ́dún 1998

Ní ọjọ́ 25 oṣù kìíní ọdún 1998, ọkọ̀ kan gbéra ní Port Douglas ní Queensland, ó kó àwọn amòòkùn lọ sí St Crispin's Reef, lára Great Barrier Reef. Tọkọtaya ará Amẹ́ríkà kan, Tom àti Eileen Lonergan, wà lára wọn. Nígbà tí wọ́n parí iṣẹ́ ọjọ́ náà, àwọn òṣìṣẹ́ ka èrò, wọ́n ka àkàgbé, ọkọ̀ sì padà sí etíkun láìsí tọkọtaya náà nínú rẹ̀.

Ọjọ́ méjì kọjá kí ẹnikẹ́ni tó fura. Ìgbà tí wọ́n rí báàgì tọkọtaya náà nínú ọkọ̀ ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé wọn kò padà bọ̀. Ọkọ̀ òfurufú àti ọkọ̀ ojú omi wá wọn kiri fún ọjọ́ mẹ́ta, wọn kò rí wọn, wọn kò sì rí òkú wọn títí dòní. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, wọ́n rí wàláà kékeré kan tí amòòkùn fi ń kọ̀wé lábẹ́ omi. Tọkọtaya náà ti kọ ọ́ sórí rẹ̀ pé ọkọ̀ fi àwọn sílẹ̀, wọ́n sì bẹ ẹnikẹ́ni tó bá rí i pé kó wá ran àwọn lọ́wọ́.

Wọ́n gbé ọ̀gá ọkọ̀ lọ sílé ẹjọ́ pé ó ṣekú pa wọ́n, àmọ́ ilé ẹjọ́ dá a láre. Iléeṣẹ́ tó ni ọkọ̀ kò bọ́ ní tirẹ̀. Ó gbà pé òun jẹ̀bi àìbìkítà, ilé ẹjọ́ bu owó ìtanràn lé e, iléeṣẹ́ náà sì kógbá sílé. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìjọba Queensland mú òfin le sí i, títí kan òfin ọdún 2011 lórí ààbò eré ìdárayá inú omi. Ọkọ̀ kò gbọ́dọ̀ kúrò lójú òkun níbẹ̀ mọ́ láìjẹ́ pé wọ́n ka gbogbo èèyàn, tí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ nínú ìwé.

Kí oníṣòwò rò ó wò dáadáa. Ká ní fóònù sátẹ́láìtì mẹ́wàá ló wà nínú ọkọ̀ yẹn lọ́jọ́ náà, wọn ì bá tí wúlò, torí kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ìdí wà láti pe ẹnikẹ́ni. Ohun tó kù díẹ̀ káàtó níbẹ̀ kò ju bébà àti bírò lọ. Ṣùgbọ́n ká ní ẹ̀rọ tó ń ké sí sátẹ́láìtì wà lára ọ̀kan nínú tọkọtaya náà, wọn kò ní nílò kí ẹni tó wà nínú ọkọ̀ rántí wọn kí ìrànlọ́wọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀.

Owó tó ń wọlé sí i

Bíbá sátẹ́láìtì sọ̀rọ̀ kì í ṣe ohun tuntun. Iléeṣẹ́ Iridium bẹ̀rẹ̀ òwò fóònù sátẹ́láìtì ní oṣù kọkànlá ọdún 1998, lẹ́yìn tó ti ná nǹkan bí bílíọ̀nù 5 dọ́là. Fóònù rẹ̀ tó nǹkan bí 3,000 dọ́là nígbà náà, oníbàárà kò pọ̀, nígbà tó sì di oṣù kẹjọ ọdún 1999, gbèsè ti gbé e ṣubú. Àwọn tó rà á lẹ́yìn náà san nǹkan bí mílíọ̀nù 25 dọ́là péré. Iṣẹ́ náà yè é, ó sì ń lọ títí dòní, àmọ́ ó fi hàn pé ohun tó dára lè má tà bí owó rẹ̀ bá ga ju àpò oníbàárà lọ.

Ohun tó yí padà lọ́dún 2022 ni pé agbára yìí wà nínú fóònù tí èèyàn ti fẹ́ rà tẹ́lẹ̀, Apple kò sì gba owó kankan lórí rẹ̀ fún ọdún méjì àkọ́kọ́. Èyí dùn mọ́ oníṣòwò kékeré nínú, ṣùgbọ́n kó bi ara rẹ̀ léèrè pé kí ló máa ṣẹlẹ̀ bí ọ̀fẹ́ bá parí. Ẹ̀rọ 406 ní tirẹ̀ kì í gba owó oṣooṣù. Èèyàn á rà á, á forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ orílẹ̀-èdè rẹ̀, á sì máa pààrọ̀ bátìrì rẹ̀ nígbà tí ọjọ́ tí wọ́n kọ sí i lára bá pé. Owó rẹ̀ kì í sábà tó ti fóònù tuntun irú èyí.

Ètò tó yẹ kó wà nílẹ̀

Oníṣòwò amòòkùn tó bá fẹ́ kí irinṣẹ́ wọ̀nyí wúlò fún òun gbọ́dọ̀ ṣe nǹkan wọ̀nyí kí ọkọ̀ tó gbéra:

1. Kó ka èèyàn ní orúkọ, kì í ṣe ní iye nìkan. Kí oníbàárà fúnra rẹ̀ fọwọ́ síwèé nígbà tó bá ń wọ omi àti nígbà tó bá jáde. Òṣìṣẹ́ méjì ni kó kà á, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

2. Kí ẹnì kan lórí ilẹ̀ mọ ibi tí ọkọ̀ ń lọ àti aago tó yẹ kó padà. Bí aago náà bá kọjá tí kò gbúròó, kó mọ ẹni tó máa pè.

3. Kí fóònù sátẹ́láìtì wà nínú àpò tí omi kò lè wọ̀, kí bátìrì rẹ̀ kún, kí ọwọ́ tó ń gbé e má sì pọ̀ jù. Fóònù tí wọ́n fi ya fọ́tò oníbàárà látàárọ̀ lè ti kú kó tó di ọ̀sán.

4. Kí gbogbo òṣìṣẹ́ ti fi ṣe ìdánrawò. iPhone ní ibi tí èèyàn ti lè dánra wò láìpe ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ wàhálà kọ́ ló yẹ kí èèyàn kọ́kọ́ mọ bí wọ́n ṣe ń kọjú fóònù sí sátẹ́láìtì.

5. Kí amòòkùn kọ̀ọ̀kan ní fèrè, dígí àti rọ́bà aláwọ̀ ọsàn lára. Níbi tí omi ti ń ṣàn lágbára, kí ó kéré tán ẹnì kan nínú méjì tó jọ wọ omi ní ẹ̀rọ tó ń ké jáde.

6. Kí ọ́síjìn wà nínú ọkọ̀, kí ẹni tó mọ̀ ọ́n lò sì wà níbẹ̀. Àtẹ̀jíṣẹ́ lè lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá 15, àmọ́ ọkọ̀ òfurufú tó ń bọ̀ wá gbé aláìsàn lè gba wákàtí. Ohun tí wọ́n bá ṣe láàárín àkókò yẹn ló kù.

7. Kó fi gbogbo ètò yìí han iléeṣẹ́ adójútòfò rẹ̀, kó sì béèrè lọ́wọ́ wọn ohun tí wọ́n máa wò bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Ìwé tí èèyàn fọwọ́ sí lójoojúmọ́ lè gba òwò là nílé ẹjọ́.

Ẹni tí kò rí òkun rí náà ní tirẹ̀ níbẹ̀

Oníṣòwò tó ní bọ́ọ̀sì tó ń rin Ìbàdàn sí Ṣakí, ẹni tó ní ọkọ̀ ojú omi ní Ẹ̀pẹ́, ẹni tó rán ọmọ iṣẹ́ lọ gbẹ́ kànga, gbogbo wọn lè fi ìbéèrè kan náà dán ètò wọn wò. Níbo ni irinṣẹ́ ìrànlọ́wọ́ wà, níbo sì ni ẹni tí wàhálà máa bá wà? Bí apànáná bá wà nínú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti tì pa, tí ẹni tó ń ṣọ́ ọjà lóru kò sì ní kọ́kọ́rọ́, apànáná náà kò yàtọ̀ sí fóònù tó wà nínú ọkọ̀ nígbà tí amòòkùn ń fò lórí ìgbì. Bí nọ́ńbà ọ̀gá bá wà nínú fóònù awakọ̀ nìkan, tí awakọ̀ sì dákú, kò sẹ́ni tó máa pe ọ̀gá.

Àwọn àgbà ní ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Fóònù tó ń bá sátẹ́láìtì sọ̀rọ̀ dára, ẹni tó bá lágbára rẹ̀ kó rà á. Àmọ́ kó tó sanwó, kó kọ́kọ́ jókòó, kó kọ orúkọ gbogbo ẹni tí òwò rẹ̀ ń gbé jáde láàárọ̀ sínú ìwé, kó sì kọ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lè fi ké sí i síwájú orúkọ náà. Orúkọ tí kò bá ní nǹkan kan níwájú ni kó kọ́kọ́ náwó lé lórí.